Ìka Ìfábẹ̀lá Hàwáwù

Mọ̀núrù onífọ́tò kò mọ̀ pé ìyàwó lòun ń wá lọ́jọ́ tó fi lẹ́ńsì sódì. Ọdún tí ìjọba sọ pọ́n-ùn di náírà ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní Ẹnu Ọwá ní Èkó, níbi tó ti ń ya ọmọ tuntun, tó ń ya àwọn tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, tó ń ya àwọn ọkọ ìyàwó tí kò mọ ibi tí wọn yóò kó ọwọ́ sí. Lọ́jọ́ náà, ó yọ lẹ́ńsì kámẹ́rà rẹ̀ láti nù ún. Nígbà tó fẹ́ dá a padà, ó kọ ojú rẹ̀ sínú, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta, bí ẹni tó sáré wọ ẹ̀wù sódì. Kó tó tún un ṣe, ó fojú wo inú rẹ̀. Èèrà kan ń lọ lórí tábìlì. Àṣé èèrà ní irun lára! Àṣé ó máa ń fọwọ́ nu ojú! Mọ̀núrù lọgun débi pé ẹni tó ń fá irun lójúde sáré wọlé wá wò ó.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ya hóró iyọ̀, ó ya ìyẹ́ eṣinṣin, ó ya gààrí. Iṣẹ́ náà kò sì rọrùn. Lẹ́ńsì tí a bá kọ ẹ̀yìn rẹ̀ síta kì í rí ọ̀ọ́kán. Ohun tó bá fẹ́ rí gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án nímú. Kò sí ohun tí onífọ́tò lè fọwọ́ yí kí àwòrán mọ́lẹ̀ kedere. Ara rẹ̀ ni yóò máa sún síwájú, tí yóò máa sún sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Bó bá mí, gbogbo rẹ̀ ti dàrú. Àwọn ará àdúgbò ní orí Mọ̀núrù ti yí bíi lẹ́ńsì rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni, wọ́n kúkú ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu sí i tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Hàwáwù fi wọlé láti ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ọmọ Alhaji Ṣàíbù aránfìlà ni, ọmọ ilé àtijọ́ ní Ẹnu Ọwá, òun náà sì ń bá bàbá rẹ̀ rán fìlà. Ó jókòó, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, Mọ̀núrù sì rí ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìka náà ló fi ń ti ìdí abẹ́rẹ́ wọnú aṣọ láti kékeré. Orí rẹ̀ le, ó kún fún ojú àpá wínníwínní.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ya ìka yín."

"Ìka mi kẹ̀? Àwọn onífọ́tò yòókù ń ya ojú, ẹ̀yin ń ya ìka."

"Gbogbo ayé ló ń rí ojú yín. Ìka yìí, kò sẹ́ni tó tíì rí i."

Hàwáwù rẹ́rìn-ín. "Ẹnu yín dùn. Mo ti gbọ́ nípa àwọn ará Ìjẹ̀bú."

Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì níbi tí oòrùn ti wọlé. Mọ̀núrù tẹ̀ síwájú títí orí àwọn méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. "Ẹ má mí," ló wí. Òun náà kò mí.

"Ìgbà wo ni mo lè mí?"

"Ẹ dúró díẹ̀ sí i."

"Wọ́n á ní ẹ pa ọmọ Alhaji Ṣàíbù o!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, fọ́tò ìyẹn bàjẹ́. Ìkejì dára. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó tóbi tó ojú fèrèsé. Ìka náà dà bí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́, tí wọ́n tún gbẹ́: ihò lórí ihò, awọ tó sán, awọ tó bó funfun létí. Mọ̀núrù wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo fìlà tí ọmọ náà ti rán ló ń wò. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lára lójú ẹsẹ̀, kò sì gbìyànjú láti yọ ọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, "ẹ" ti di "o" láàárín àwọn méjèèjì. Hàwáwù á ní òun ń lọ ra òwú, ilé ẹni tó ń ta òwú a sì jìnnà lójijì. Ìyá olówùú náà ni Ganiat, opó kan tó mọ gbogbo ilé tó wà láti Ẹnu Ọwá dé etí ọ̀sà, òun ni wọ́n sì fi ṣe alárinà. Ó tọ Alhaji Ṣàíbù lọ.

"Ará òkè?" ni Alhaji wí. "Onífọ́tò? Ẹni tó ń ya èèrà?"

"Ọmọ dáadáa ni, Alhaji. Ó ń kírun, kì í mutí, kò sì tíì láya nílé."

Alhaji kọ̀, ó tún kọ̀. Ṣùgbọ́n Ganiat kì í ṣe ẹni tí a ń kọ̀ fún títí. Níkẹyìn, Alhaji ní kí ìyá ọmọkùnrin náà wá kí òun. Òun kò lè so yìgì ọmọ òun fún ẹni tí òun kò mọ ìyá rẹ̀.

Ganiat múra Ìjẹ̀bú-Òde. Ibí yìí ni Mọ̀núrù ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Ó kó fọ́tò Hàwáwù sínú àpò ìwé kan: èyí tó jókòó, èyí tó dúró. Ó wá ronú pé, "Kí Màmá mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ." Ó sì fi fọ́tò ìka kún un.

Bí Ganiat ṣe sọ ọ́ nígbà tó dé nìyí. Màmá Àbẹ̀ní, ìyá Mọ̀núrù, yẹ fọ́tò méjì àkọ́kọ́ wò, ó ní ọmọ náà rẹwà. Ó mú ẹ̀kẹta. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Kí lèyí, Ganiat?"

"Ìka ìyàwó ni, Màmá."

"Ìka ta ni?"

"Ti Hàwáwù. Mọ̀núrù ló ní kí n fi hàn yín kí ẹ lè mọ̀…"

Màmá Àbẹ̀ní ti sọ fọ́tò náà sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. "Ẹ̀tẹ̀," ló wí. "Ọmọ mi fẹ́ fẹ́ adẹ́tẹ̀, ó sì fi hàn mí kí n má bàa sọ pé òun tàn mí."

Ganiat ṣàlàyé títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Ta ló lè ṣàlàyé lẹ́ńsì tí wọ́n fi sódì fún ìyá tí ẹ̀rù ń bà? "Ìròyìn ò tó àfojúbà," ni Màmá Àbẹ̀ní ń tẹnu mọ́. "Mo ti fojú ara mi rí i."

Ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í ṣe ìkà. Ó ní kí àwọn ṣe ìwádìí bí a ti ń ṣe é: ṣé wèrè wà nínú ẹbí náà, ṣé wárápá wà níbẹ̀, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀? Ó rán ọmọ àbúrò rẹ̀ kan, Jímọ̀, sí Èkó. Jímọ̀ yìí, ọgbọ́n orí rẹ̀ kò tó nǹkan. Dípò kó rọra bi àgbà kan ní kọ̀rọ̀, ojúde sí ojúde ló ń lọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀tẹ̀ wà ní ilé Alhaji aránfìlà?" Ìbéèrè ló bi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè náà ti di ìròyìn.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣe é kó. Àwọn oníbàárà Alhaji Ṣàíbù bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ wọn padà láìrán. Ta ni yóò dé fìlà tí adẹ́tẹ̀ rán? Nínú agboolé, wọ́n ya igbá omi Hàwáwù sọ́tọ̀, wọ́n ní nítorí ìmọ́tótó ni. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n máa ń jẹun lára àwo rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn bí wọ́n bá rí i. Alhaji mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Ìkòyí. Dókítà fi abẹ́rẹ́ gún un káàkiri, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Àdúgbò ní ta ni kò mọ̀ pé Alhaji lówó lọ́wọ́.

Mọ̀núrù ń kú lọ. Ó lọ sí ilé Alhaji láti ṣàlàyé, wọ́n tì í jáde. Ó dúró lójúde Ganiat, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí Ganiat, ẹ gbà mí. Ẹ lọ bá mi sọ fún wọn."

"Mo ti sọ ọ́ tán, ọmọ mi. Èmi gan-an, wọn ò ra òwú lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n ní èmi ni mo mú ọ wá."

Ó padà sínú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó ti fọ́tò náà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: bí èèyàn bá wo ohun kan pẹ́, tí gbogbo ìlú ń pè é ní orúkọ kan, ojú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìlú rí i. Mọ̀núrù rántí ọjọ́ kan tí abẹ́rẹ́ wọ ìka náà tí ẹ̀jẹ̀ jáde, tí Hàwáwù kò tiẹ̀ mọ̀, àfi ìgbà tóun fi hàn án. "Ìka yìí ti kú," ni Hàwáwù wí lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ṣé kì í ṣe bí ẹ̀tẹ̀ ti ń ṣe nìyẹn, kí èèyàn má mọ ìrora? Ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun ronú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ronú ẹ̀.

Hàwáwù ránṣẹ́ sí i pé kó wá pàdé òun ní Ọbáléńdé, nínú èrò, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Ó ti gbẹ. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ ìbòrí rẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan.

"Bàbá fẹ́ rán mi lọ sọ́dọ̀ ẹbí wa kan ní Ẹ̀pẹ́," ló wí. "Ó ní kí n máa gbé ibẹ̀ títí wọn ó fi gbàgbé. Wọn ò ní gbàgbé, Mọ̀núrù."

"Mo máa fẹ́ ọ. Kí ayé wí, kí ayé má wí."

"Ṣé o gbà á gbọ́?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo ya fọ́tò ọ̀hún?"

"Ó dáa." Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ síta, ó nà án sí i. "Gba ọwọ́ mi. Níbí, lójú gbogbo èèyàn."

Kọ̀ndọ́ ọkọ̀ kan ké "Yábàá!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àkókò ìyẹn náà ni Mọ̀núrù fi lọ́ra, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni Mọ̀núrù gba ọwọ́ ọ̀hún, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó tiẹ̀ gbé e lé àyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Hàwáwù kò sí lára ọwọ́ mọ́, ojú Mọ̀núrù ló ń wò. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Mọ̀núrù," ló wí.

"Ẹ" ti padà dé! Mọ̀núrù gbọ́ ọ dáadáa. Ó pè é títí, obìnrin náà kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n sọ fún Màmá Àbẹ̀ní pé ọmọ rẹ̀ kò jẹun mọ́, ó wọkọ̀ wá sí Èkó. Ó ti bá a wo ọmọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ tí ara rẹ̀ ń dán. Mọ̀núrù kò jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ náà tán.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n ya àtàǹpàkò yín."

Ó gbé e sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi lẹ́ńsì sódì, ó yà á, ó wọ yàrá òkùnkùn lọ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé e jáde, ó fi síwájú ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hàwáwù. Ihò, sísán, awọ funfun. Kò sí ìyàtọ̀.

"Ti yín nìyí, Màmá. Ṣé ẹ̀yin náà lẹ́tẹ̀ ni?"

Màmá Àbẹ̀ní wo fọ́tò, ó wo àtàǹpàkò rẹ̀, ó tún wo fọ́tò. Ẹ̀rù bà á. Ó nu àtàǹpàkò náà mọ́ ìró rẹ̀. "Kámẹ́rà rẹ ló lẹ́tẹ̀, Mọ̀núrù," ló wí níkẹyìn. "Gbogbo ohun tó bá fojú kàn ló ń bà jẹ́."

Mọ̀núrù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí n kò sọ nípa rẹ̀ fún ọ rí. Gàníyù lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí àrùn yẹn mú un, wọ́n kọ́ ahéré fún un létí igbó. Èmi ni wọ́n ń fi oúnjẹ rán. Orí òkúta ni mo máa ń gbé e sí, màá sì sá. Ó máa ń pè mí, pé, 'Àbẹ̀ní, dúró kí n rí ọ.' N kò dúró rí. Ibẹ̀ ló kú sí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Má dá mi lẹ́bi."

"N kò dá yín lẹ́bi, Màmá. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn náà, orí òkúta ni wọ́n ń gbé oúnjẹ sí fún un báyìí. Àwa la sì fà á."

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá Àbẹ̀ní dénú. Ó ní kí Ganiat lọ bi Alhaji Ṣàíbù léèrè ohun tí òun lè fi bẹ̀bẹ̀. Ìdáhùn Alhaji kò gùn: "Ẹni tó tú u ká ni yóò kó o jọ. Kó wá ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, nígbà tí gbogbo agboolé bá wà nílé. Kó bá ọmọ mi jẹun nínú àwo kan. Bí kò bá lè ṣe é, kó máa lọ sí Ìjẹ̀bú rẹ̀ ní àlàáfíà."

Ọjọ́ Jímọ̀ náà pé. Àgbàlá kún, àwọn tí kì í ṣe ará ilé pàápàá wá yọjú. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá sáàárín. Hàwáwù jókòó ní apá kan, Màmá Àbẹ̀ní ní apá kejì. Wọ́n fọwọ́ nínú abọ́ kan. 

"Ẹ bu oúnjẹ, Màmá," ni Hàwáwù wí. "Ẹ̀yin ni àgbà."

Gbogbo èèyàn mọ ohun tó ṣe. Àgbà ló ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Bí Màmá Àbẹ̀ní bá kọ́kọ́ bù ú, oúnjẹ tí ọwọ́ Hàwáwù kò tíì kàn ni yóò jẹ, yóò sì ti mú àdéhùn ṣẹ. Ọmọ náà ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un ni. Ganiat mí kanlẹ̀.

Màmá Àbẹ̀ní mi orí. "Rárá," ló wí. "Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ bù. Tọwọ́ bọ ọbẹ̀ náà dáadáa."

Hàwáwù wò ó. Ó bu òkèlè, ó rì í sínú ilá, ó jẹ ẹ́, ó sì fi ìka ìfábẹ̀lá fa ọbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àwo, ó lá a. Màmá Àbẹ̀ní ní Bísímílláì. Ibi tí ìka náà ti kúrò gan-an ló ki ọwọ́ bọ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ti ń jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ojú rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù náà kò tíì kúrò níbẹ̀ rárá. Ó gbé e mì. Ó bu òmíràn.

Àgbàlá hó yèè. Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́kún, ọ̀kan lára wọn sì sáré wá jókòó, ó ní kí wọ́n sún fún òun. Alhaji Ṣàíbù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wúkọ́.

"Ó tán. Ganiat, wá ká sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìgì."

Mọ̀núrù ti dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó rí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Hàwáwù wí. "Kò sí yìgì."

Alhaji yíjú padà wò ó.

"Hàwáwù!" Mọ̀núrù gbé orí sókè. "Kí ni mo ṣe?"

"Màmá yìí kò mọ̀ mí rí. Wọ́n ṣì rò pé ẹ̀tẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo rí i lójú wọn. Wọ́n sì bá mi jẹun. Ẹ̀yin mọ ìka mi ju dókítà lọ, Bọ̀dá Mọ̀núrù. Ẹ̀yin lẹ yà á."

"Mo gba ọwọ́ rẹ! Ní Ọbáléńdé, mo gbà á!"

"Ẹ gbà á lẹ́yìn tí ẹ ronú."

"Ìṣẹ́jú akàn ni! Wállàhi, ìṣẹ́jú akàn lásán ni!"

"Mo mọ̀. Lọ́jọ́ tí àìsàn bá wá dé lóòótọ́ ńkọ́? Inú ìṣẹ́jú akàn yẹn ni màá wà." Ó kọjú sí i. "Mo fẹ́ràn yín. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé n kò fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n n kò lè bá yín gbélé kí n máa wo ojú yín ní gbogbo ìgbà tí mo bá na ọwọ́."

Mọ̀núrù wo Alhaji, Alhaji wo ilẹ̀. Ó wo Ganiat, Ganiat yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá fi orúnkún rìn dé etí ẹní.

"Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ni yóò gbọ́ tiyín. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́!"

Màmá Àbẹ̀ní kò gbé orí sókè. Ó ń ṣù òkèlè lọ́wọ́, ó sì sún àwo náà díẹ̀ sọ́dọ̀ Hàwáwù.

"Lọ dúró dè mí níta, Mọ̀núrù," ló wí. "A ò tíì jẹun tán."